Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Balẹ̀ Sójú Òṣùpá

Ẹ̀yin ará Ìsẹ̀, ẹ̀yin ará Emùré, àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ wá láti Ìkẹ́rẹ́ láti kí wa, ẹ má bínú sí èmi Dúpẹ́. Ẹ bi mí ní ìbéèrè púpọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé, mo kàn ń rẹ́rìn-ín, mo ń wolẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹni tó mọ̀ mí láti kékeré mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti pé mẹ́ta níwájú mi, ọ̀rọ̀ á gbẹ lẹ́nu mi. N kò ka ìwé girama tán kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó ní èmi nìkan, mo lè kọ̀wé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ kiri pé mo lọ sí òṣùpá. N kò lọ sí òṣùpá o. Jàpáánì ni mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ ló wà lára àwọn tó ṣe ọkọ̀ tó lọ sí òṣùpá. Ọkọ̀ náà kò gbé ènìyàn kankan, kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Òun nìkan ló dá lọ.

Ohun tó gbé mi lọ

Àǹtí Fúnkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni. Nígbà tó lóyún, ìyá wa ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá wọn wẹ ọmọ. Àfi bí orúnkún ìyá wa ṣe wú, tí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá wa wo orúnkún náà, ó wo èmi náà.

Ó ní, "Ìwọ lo máa lọ."

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Màmá, n kò gbọ́ èdè wọn."

Ó ní, "Ìkókó náà kò tíì gbọ́ èdè kankan. Ẹ ó jọ gbọ́ ara yín."

Ọmọ náà kò bọ̀ bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ló kọjú sísàlẹ̀, ni wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìyá wa kò dúró gbọ́ orúkọ mìíràn. Orí fóònù ló ti pariwo pé, "Ìgè dé! Ìgè Àdùbí!" Wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n Ìgè ni gbogbo wa ń pè é.

Kí n tó gbéra, ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní èmi nìkan. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn kì í ṣe ti ìjọba, ti àwọn aládàáni ni. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán lọ fọ́ yángá. Èkejì ti wà lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń náwó sí i ti sọ pé bí ó bá dé ibẹ̀ tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn á ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ìwé tí ìjọba ibẹ̀ fi jẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ wọn sì dúró lórí iṣẹ́ yìí. Bí iṣẹ́ bá bọ́, wọ́n á ní kí òun àti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ àti ọmọ tó ṣì ń lọ sí ọsíbítù kó ẹrù wọn.

Ó ní, "Má sọ fún Màmá o."

N kò sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi wọ ọkọ̀ lọ.

Sísọ̀kalẹ̀

N kò ní sọ bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ. Gbogbo yín mọ wàhálà yẹn. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé gígòkè ọkọ̀ òfuurufú kò ní ìpayà tó sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ń gòkè, mo dijú, ó tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, etí mi di, mo rí ilẹ̀ tó ń sáré bọ̀ wá pàdé wa. Obìnrin arúgbó kan jókòó tì mí. N kò mọ ìlú rẹ̀, òun náà kò mọ tèmi. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Mo di ọwọ́ náà mú bí ẹni pé òun ló bí mi. Nígbà tí táyà kanlẹ̀, ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ń na àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé mo ti fún wọn jù. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kò jẹ́.

Ìlú tí wọn kì í pariwo

Pápákọ̀ òfuurufú wọn kún fọ́fọ́, síbẹ̀ bí ilé tí ọmọ ń sùn nínú rẹ̀ ni ó rí. Nígbà tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi, mo ké, "Bùrọ̀dá mi o!" Gbogbo ènìyàn yíjú. Mo fi ìborùn bo ẹnu mi. Òun ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú kọ́là ẹ̀wù.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbí ni?"

Ó ní, "Oúnjẹ wà. Ọ̀fun ni kò ṣí."

A wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó kún bíi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ á kọ́kọ́ wò yíká. Mo ṣàkíyèsí pé àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo, àwọn ènìyàn sì wà ní ìdúró. Mo rọra gbóòórùn ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ó ní, "Kì í ṣe òórùn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí wa nìyẹn, pàápàá tí wọn kò bá mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Má gbé e sọ́kàn." Mo gbé e sọ́kàn díẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí nítorí n kò fẹ́ parọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fi rò pé mo wà nílé. Wọn kì í kúnlẹ̀, wọn kì í dọ̀bálẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń tẹrí ba, kò sì sí ẹni tí wọn kì í tẹrí ba fún. Olùtajà á tẹrí ba fún oníbàárà. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin á tẹrí ba fún gbogbo èrò inú ọkọ̀ kó tó jáde. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í yọ lẹ́nu mi, mo ní ìlú yìí dára, ènìyàn lè kí ènìyàn láìsọ̀rọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí o bá kí wọn, wọ́n á dá a padà. Obìnrin àgbà kan ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wa. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó tẹrí ba. Mo rí i pé àgbà tẹrí ba fún mi, mo tún kúnlẹ̀. Ó tún tẹrí ba, ó wá sísàlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí wọlé. Ó ní, "Dúpẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ á ṣú bá yín síbẹ̀."

Ìwẹ̀ Ìgè

Ilé wọn kéré, ó sì mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni à ń bọ́ bàtà sí. Àǹtí Fúnkẹ́ wà lórí ibùsùn, kò tíì lè dìde dáadáa. Bó ṣe rí mi, ó ní, "Eyínfúnjowó mi, ẹ káàbọ̀." Ọdún púpọ̀ ló fi ṣáájú mi láyé, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí mi sílé kí ó tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, kò sì pe orúkọ mi rí. Mo gbọ́ orúkọ yẹn ní ilẹ̀ àwọn tí kò gbọ́ èdè mi, omi bọ́ lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó gbé mi wá. Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo tẹ́ Ìgè lé wọn, mo fi kànrìnkàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo na ẹsẹ̀, mo fi òrí ra oríkèé. Mo dì í mú ní apá, mo gbọ̀n ọ́n sókè sódò. Lẹ́yìn náà mo jù ú sókè, mo hán an. Ìgè ń ké bí ọmọ gidi ṣe ń ké. Ni wọ́n bá kan ilẹ̀kùn kíkankíkan.

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé ni. Ó ti gbọ́ igbe. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, Ìgè ń bọ̀ láti òkè. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀. Àǹtí Fúnkẹ́ ń rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn, ó di ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ wá pé, "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa já ojú abẹ mi!" Ó fi èdè wọn ṣàlàyé pé kí ọmọ má bẹ̀rù ló fà á, kí eegun rẹ̀ sì le. Obìnrin náà kò gbà. Ó jókòó, ó ń ṣọ́ mi títí mo fi wẹ ọmọ tán. Nígbà tó rí i pé Ìgè mu ọmú tó sì sùn bí òkúta, ó tẹrí ba fún mi, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá ní gbogbo àárọ̀. Bí mo bá fẹ́ ju ọmọ sókè, á kọ́kọ́ yíjú sí ògiri.

Òun ló mú oúnjẹ kan wá tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Ẹja tútù tí wọn kò sè kò wọ̀ mí lára. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síwájú mi, mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá gbé e lọ sorí iná?" Ìrẹsì wọn máa ń lẹ̀ mọ́ra, kò láta, kò níyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: àwọn ènìyàn yìí ń gún ìrẹsì nínú odó, pẹ̀lú ọmọrí odó bíi tiwa, títí á fi di iyán! Wọ́n ń ṣe é ní róbótó-róbótó, wọ́n sì máa ń fi ohun dídùn sí i nínú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú èyí tí kò ní ohun dídùn wá. Mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo gbé láti ilé, mo fi jẹ ẹ́. Ó fà ju iyán lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fun mi mọ̀ pé ẹbí iyán ni. Obìnrin náà tọ́ ọbẹ̀ mi wò. Etí rẹ̀ pọ́n, ó mu omi púpọ̀, ó tẹrí ba, ó sì tún tọ́ ọ wò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe le tó

Ní gbogbo àkókò yìí, ọkọ̀ náà ti dé ẹ̀bá òṣùpá, ó ń yí i po. Ẹ̀gbọ́n mi á wá sílé, á gbé abọ́ síwájú, kò ní jẹun. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Ṣebí ó ti dé òṣùpá? Kí ló kù?"

Ó ní, "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ṣé o rántí ohun tí Bàbá wa máa ń sọ bó bá ń gun ọ̀pẹ? Ta ni kò lè gun ọ̀pẹ? Kí ẹsẹ̀ èèyàn padà kan ilẹ̀ ni iṣẹ́."

Ó mú síbí, ó gbé e sókè abọ́. Ó ní ohun tó bá ń já bọ̀ sílé ayé, afẹ́fẹ́ máa ń gbá a mú díẹ̀. Ènìyàn lè ta nǹkan bí agboòrùn ńlá sí i lórí kó lè rọra bọ̀. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́. Bí o ta agboòrùn ẹgbẹ̀rún, bí òkúta ni yóò já. Iná nìkan ló lè dín eré rẹ̀ kù. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ máa tu iná sí ìsàlẹ̀, kí iná máa tì í sókè bó ṣe ń sọ̀.

Mo ní, "Bí iná bá pọ̀ jù ńkọ́?"

"Á tún gòkè padà, epo á tán."

"Bó bá kéré ńkọ́?"

"A ti rí ìyẹn rí." Ti ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló ń sọ. Iná ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ló kú ṣáájú èkejì, ó sì yí gbirigbiri lọ sọlẹ̀.

Àǹtí Fúnkẹ́ ní, "Ẹ ò ṣe wà á láti ibí, bí àwọn ọmọ ṣe ń wa ọkọ̀ ìṣeré?"

Ó ní ohùn àwọn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í pẹ́ púpọ̀, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú bíi mélòó kan ló ti dé. Ṣùgbọ́n láàárín ìyẹn, ọkọ̀ ti lè kú. Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fojú wo ilẹ̀, tí yóò wọn bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó, tí yóò pinnu. Eruku á sì máa sọ bò ó lójú. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú; kòtò ni, òkúta ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ó ní, "Fojú inú wo ẹni tí wọ́n di lójú, tó ru ìkòkò omi, tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Kò sì gbọ́dọ̀ da omi. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Àǹtí Fúnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wo bí ayé ṣe rí! Èyí tí gbogbo dókítà ní kó fi orí wá, ẹsẹ̀ ló gbé síwájú. Ẹ wá ń gbààwẹ̀ kí tibẹ̀ fẹsẹ̀ wá. Ẹ pe ìyẹn ní Ìgè náà."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó jẹ síbí ìrẹsì kan. Síbí kan náà ló jẹ.

Ọjọ́ náà

Ilé iṣẹ́ pe àwọn ẹbí òṣìṣẹ́ wá sí gbọ̀ngàn kan láti wá wò ó, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àǹtí Fúnkẹ́ ní òun ń lọ. Mo pọn Ìgè, mo fi ọ̀já gbà á dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí èrò, ṣùgbọ́n ta ni ìbá pọn ọmọ?

Gíláàsì ńlá kan ló pààlà sáàárín wa àti yàrá iṣẹ́. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi níwájú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa. Lára ògiri, wọ́n gbé àwòrán ọkọ̀ tó ń sọ̀. Ẹnì kan ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe òṣùpá gan-an là ń wò. Kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀ tó lè yà á. Kọ̀ǹpútà ló ń ya ohun tó rò pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan ń pe bí ilẹ̀ ṣe kù sí. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ti sọ fún yín pé wọ́n mọ dídákẹ́, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ìgè jí ní ẹ̀yìn mi, ó ké gbààà. Mo ń jó lórí ìdúró, mo ń gbọ̀n ọ́n, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Àwòrán ọkọ̀ náà kan ilẹ̀ lára ògiri. Ọkùnrin tó ń pè é dákẹ́.

Kò sí nǹkan. Ìgè ń ké.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan nínú yàrá gíláàsì gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀! Gbogbo ènìyàn fò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àǹtí Fúnkẹ́ dì mọ́ mi, ó ń sunkún.

Ohun tí ọmọ Èkìtì èyíkéyìí ìbá ṣe ni mo ṣe. Mo pe ìyá wa. Aago wọn nílé ṣì wà ní òwúrọ̀, òun àti àwọn ìyá ìjọ wà nínú ilé wa. Mo ní, "Màmá, ó ti balẹ̀!" N kò rí ọ̀rọ̀ kejì sọ. Orin ti dìde ní Ìsẹ̀. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́, mo gbọ́ Ìyá Ààfin láàárín wọn tó ń ké pé, "Ọmọ wa ti fẹsẹ̀ lé òṣùpá o!" Ibẹ̀ ni irọ́ tí ẹ gbọ́ nípa mi ti bẹ̀rẹ̀.

Orin ṣì ń lọ létí mi nígbà tí mo wo inú gíláàsì, tí mo rí i pé àwọn tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé orí lé ọwọ́.

Ohùn ọkọ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tó dojú bo ìrọ̀rí. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún wa. Ó balẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọ́ òkúta tàbí ẹnu kòtò, ó sì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Awo tó fi ń jẹ oòrùn, èyí tó dà bíi sólà orí ilé wa, ti kọjú sí ibi tí oòrùn kò sí. Agbára tó kù nínú bátìrì rẹ̀ kò ní pẹ́ tán.

Ìyá wa ṣì wà lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ dá orin náà dúró. Ó ti ṣubú."

Ó ní, "Ó kú?"

"Rárá. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ díẹ̀."

Ó ní, "Ẹni tó ṣubú tó ń sọ̀rọ̀, ṣé òkú nìyẹn? A kò dá orin kankan dúró." Ó yí ẹnu sí àwọn ìyá, "Ẹ máa kọ ọ́ lọ, àmọ́ ẹ sọ ọ́ di àdúrà."

Àgbà tó tẹrí ba

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà jáde wá bá àwa ẹbí. Arúgbó ni, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ó dúró níwájú wa, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì tẹrí ba. Kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń ṣe lójú ọjà. Ó tẹ̀ débi pé mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kò sì tètè gbé orí sókè. Àwọn yòókù tẹrí ba dá a lóhùn. Ó wá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹbí kan sí èkejì. Nígbà tó kàn wá, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ dé nítorí èmi ni mo wà ní eteetí. Ó tẹrí ba fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àgbà tó tó bàbá bàbá mi tẹrí ba, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èmi ọmọ aránṣọ, báwo ni mo ṣe lè wà ní ìdúró? N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kúnlẹ̀ gbì, mo ní, "Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Ó rí i pé mo wà nílẹ̀, ó tún wá sísàlẹ̀ sí i. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tó kù fún mi ju kí n dojú bolẹ̀ lọ, mo sì dojú bolẹ̀, tòun ti Ìgè lẹ́yìn mi. Ìgè, tó ti dákẹ́ láti ìgbà díẹ̀, na ọwọ́ láti inú ọ̀já, ó gbá irun funfun náà mú.

Kò jù ú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde. Ó ń fa ìka ọmọ, ó ń bẹ ọ̀gá rẹ̀, ó ń bá mi wí ní èdè Èkìtì, "Dìde ńlẹ̀, Dúpẹ́! Òun kò ní dìde bí o kò bá dìde!"

Mo ní, "Kó kọ́kọ́ dìde! Àgbà ni!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ọ̀gá àgbà náà rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi nu ojú. A jọ dìde ni, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ka ení, èjì, ẹ̀ta fún wa. Ó béèrè orúkọ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá náà wo Ìgè pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ ohun tó sọ fún mi: "Ó ní ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ balẹ̀ wà láàárín wa, a kò sì gbà á síṣẹ́."

Dídúró de oòrùn

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ó le jù. Ọkọ̀ náà ti dákẹ́ pátápátá. Ìrètí kan ló kù. Oòrùn máa ń yí díẹ̀díẹ̀ lójú òṣùpá bó ṣe ń yí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó lọ́ra púpọ̀. Bí ó bá yí dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ó lè kan awo náà, ọkọ̀ á sì jí. Bí kò bá kàn án, òru á dé. Òru òṣùpá gùn, òtútù rẹ̀ sì lè pa irin.

Àǹtí Fúnkẹ́ ti ń ká aṣọ ọmọ sínú àpótí láìsọ ohun tó fà á. Èmi náà ń bá a ká a. Mo ń wẹ Ìgè láràárọ̀. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé ń wá. Ó ti mọ ohun tó wà nílẹ̀, ó kàn ń mú iyán ìrẹsì wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ mi, ọṣẹ wà lójú rẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n mi ṣí ilẹ̀kùn. Kò bọ́ bàtà. Ó fi bàtà tẹ ilé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú ilé yẹn. Ó ní, "Ó jí."

Àǹtí Fúnkẹ́ ní, "Ta ló jí?"

"Ó jí! Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń ya àwòrán. Àwọn ẹ̀rọ ìwádìí tó rù lọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn, níbi tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí. Wọ́n ní a máa ṣe ọkọ̀ kẹta." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, lójú ọ̀nà. "Fúnkẹ́, a kò lọ síbì kankan."

Kò sẹ́ni tó pariwo. Àǹtí Fúnkẹ́ lọ síbi àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n padà. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé wò wá, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo fọ ọṣẹ ojú Ìgè. Ẹ̀gbọ́n mi ní ebi ń pa òun. Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ ọbẹ̀ mi, ó jẹ iyán ìrẹsì gbogbo tó wà nínú abọ́, ó sì sùn síbẹ̀ pẹ̀lú ata lẹ́nu.

Ulé

Ìgbà tí mo padà dé ulé, ìyẹn ilé wa ní Ìsẹ̀, ni mo tó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá wa, ohun tó wà nínú ewu àti bó ṣe kọjá. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní ìyá kò nílò kí wọ́n sọ fún òun kó tó mọ ohùn ọmọ tí kò jẹun.

Mo gbé àwòrán tí ọkọ̀ náà yà jáde nínú fóònù mi. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kan wà níbẹ̀, eruku eléérú wà níbẹ̀, òkúta kéékèèké wà, ojú ọ̀run sì dúdú láìsí ìkùukùu. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbogbo rẹ̀ dábùú, ilẹ̀ dúró bí ògiri. Ìyá wa yí fóònù náà kó lè tọ́. Bó ṣe yí i, àwòrán náà yí pẹ̀lú rẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Mo ní kí n bá a ṣe é, ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí ibùsùn, ó rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó mú fóònù náà síwájú ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ó ti tọ́. Mo rí ilẹ̀ rẹ̀. Pe Táyọ̀ fún mi."